Ẹ Bi Àǹtí Onítíkẹ́ẹ̀tì: Ṣé Àbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù Gùn Ju Àlọ Lọ Ni?

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí lórí ọ̀rọ̀ bàálù pọ̀ débi pé mo ní láti ti ọ̀rọ̀ ẹrù àti físà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ohun kan náà ló ń da ọ̀pọ̀ yín láàmú. Ẹ ti wo íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ti rí iye kìlómítà àti iye wákàtí tó wà láàárín pápákọ̀ òfurufú kan àti èkejì, ẹ wá gbé tíkẹ́ẹ̀tì yín wò, ẹ rí i pé kò bá a mu. Lẹ́tà ìyá kan láti Mọ́lété n'Ìbàdàn ni mo fi ṣíwájú, torí òun ló béèrè rẹ̀ dé ìdí.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní í pẹ́ bímọ, wọ́n sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi kí n lè lọ bá a tọ́jú ọmọ lóṣù Kọkànlá. Bàálù máa gbéra ní Ìkẹjà ní aago 11:00 àárọ̀, á balẹ̀ sí Heathrow ní aago 4:30 ìrọ̀lẹ́. Wákàtí márùn-ún àbọ̀ nìyẹn. Tí mo bá ń bọ̀, á gbéra lọ́hùn-ún ní aago 10:30 àárọ̀, á dé Èkó ní aago 6:00 ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn di wákàtí méje àbọ̀! Bẹ́ẹ̀, ọmọ mi yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kìlómítà 5,000 ni, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bára mu. Aládùúgbò mi kan tó jẹ́ tíṣà ní torí pé ayé ń yí ni. Ọkọ mi ní kí n má da ara mi láàmú. Ọkàn mi ò balẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé. Ṣé ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà ni? — Ìyá Ìbejì, Mọ́lété.

Ìdáhùn: Màmá mi, ẹ kú oríire ọmọ tó ń bọ̀. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ ṣeun tí ẹ ka tíkẹ́ẹ̀tì yín bí ẹni ń ka ìwé ilẹ̀. Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jókòó ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Dùgbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ mi kì í wò kọjá ọjọ́ àti iye owó.

Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó. Lápá òsì ìlà àkọ́kọ́, ẹ ó rí LOS, àmì pápákọ̀ Èkó nìyẹn, 11:00 sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lápá ọ̀tún, ẹ ó rí LHR, àmì Heathrow, 16:30 sì wà nísàlẹ̀ tiẹ̀, ìyẹn aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Aago tó wà lábẹ́ ìlú kan, aago ìlú yẹn ni. Aago Nàìjíríà ni 11:00. Aago Ìlú Ọba ni 16:30. Lóṣù Kọkànlá, Ìlú Ọba fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Lásìkò tí aago Heathrow bá lu mẹ́rin àbọ̀, aago tó wà lára ògiri pálọ̀ yín ní Mọ́lété ti lu márùn-ún àbọ̀. Ẹ wá kà á láti 11:00 àárọ̀ dé 5:30 ìrọ̀lẹ́: wákàtí mẹ́fà àbọ̀ géérégé.

Ẹ ṣe bákan náà fún àbọ̀. Aago 10:30 ti Lọ́ńdọ̀nù, 11:30 ni níbí. Láti 11:30 dé aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wákàtí mẹ́fà àbọ̀ náà ni. Ọmọ yín ò purọ́, íntánẹ́ẹ̀tì ò purọ́, iléeṣẹ́ bàálù náà ò rẹ́ yín jẹ. Bí àlọ ṣe gùn tó ni àbọ̀ gùn tó.

Tó bá jẹ́ oṣù Keje ni ẹ ń lọ, ẹ ò bá má rí ìdààmú yìí rárá. Nàìjíríà kì í sún aago síwá sẹ́yìn, àmọ́ àwọn ará Ìlú Ọba máa ń sún tiwọn síwájú ní wákàtí kan ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n á dá a padà ní Sunday tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá. Láàárín méjèèjì, aago wa dọ́gba. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ èyí fún ẹni tó máa wá gbé yín ní Heathrow, pàápàá bí àwọn ará ilé bá ń pè é láti Ìbàdàn pé "aago márùn-ún àbọ̀ ni Màmá máa balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ tíṣà aládùúgbò yín, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé pàápàá. Òótọ́ ni pé ayé ń yí. Àmọ́ afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká ń bá a yí lọ, inú afẹ́fẹ́ yẹn náà sì ni bàálù ń fò. Ká ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ẹyẹ tó bá fò kúrò lórí igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé yín ò ní í rí igi náà mọ́ tó bá padà. Ohun tó ń mú kí àlọ àti àbọ̀ bàálù yàtọ̀ síra ni ìjì tó ń fẹ́ lókè lọ́hùn-ún láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ẹni tó ń lọ sí Kánádà tàbí Amẹ́ríkà ni ìyẹn ń bá wí jù. Màá dé ibẹ̀ nínú lẹ́tà mìíràn nísàlẹ̀. Ọ̀nà Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àríwá gangan. Ẹ̀gbẹ́ ni ìjì yẹn ti ń kọlu bàálù yín jù, kì í fi bẹ́ẹ̀ tì í láti ẹ̀yìn, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dínà fún un níwájú.

Kìlómítà 5,000 yẹn ńkọ́? Kò sí awo níbẹ̀, ẹ̀yin náà lè ṣírò rẹ̀ lórí tábìlì. Èkó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n (digírì) 6½ sókè ìlà tó la ayé láàárín. Lọ́ńdọ̀nù wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 51½. Ẹ yọ kékeré kúrò nínú ńlá, ó ku 45. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ kìlómítà 111. Ẹ fi 45 sọ 111 di púpọ̀, ó di 4,995. Ẹ ò rí i pé 5,000 náà ló bọ́ sí. Ìdá kan nínú mẹ́jọ gbogbo àyíká ayé ni ẹ máa fò kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kan, láti jíjẹ ẹ̀kọ dé oúnjẹ alẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì máa ń yà mí lẹ́nu dòní, bí mo ṣe pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó.

Bàálù ńlá ń sáré tó kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Ẹ fi 900 pín 5,000, á fún yín ní wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀. Wákàtí kan tó ṣẹ́ kù, ilẹ̀ àti ẹnu ọ̀nà ló jẹ ẹ́: títò sórí ìlà kí wọ́n tó gbéra ní Ìkẹjà, gígùn òkè tí wọn kì í fi eré tete gùn, sísọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àti yíyípo lójú sánmà Lọ́ńdọ̀nù, torí bàálù tó ń fẹ́ balẹ̀ sí Heathrow pọ̀ ju àyè tó wà fún wọn lọ. Tí ẹ bá rí i pé ẹ ti ń wo òrùlé ilé, tí bàálù sì tún yí padà bí ẹni ń lọ, ẹ má bẹ̀rù. Ó ń dúró de ipò rẹ̀ ni.

Ohun kan tún wà. Kìlómítà 5,000 náà, ọ̀nà tó gún jù lọ ni. Ẹ wá globe lọ́wọ́ ọmọ iléèwé kan, ẹ na òwú láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù kí ó le dáadáa: ó máa gba orí Niger àti Mali, ó bọ́ sórí Algeria, ó la òkun Mẹditaréníà kọjá, ó gba orí Faransé. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní ọdún 2023, wọ́n ti ojú òfurufú wọn pa láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án. Bàálù tó yẹ kó gba orí wọn kọjá ní láti wá ibòmíràn gbà, wákàtí sì gùn sí i. Pápákọ̀ méjèèjì ò kúrò níbi tí wọ́n wà, kìlómítà 5,000 inú íntánẹ́ẹ̀tì ò sì yí padà.

Màmá, mo dúpẹ́ pé ẹ gbà mí láyè, torí ohun tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín ni ohun tí ẹ kò béèrè. Wákàtí mẹ́fà àbọ̀ yẹn kò mọ Mọ́lété. Ìkẹjà ló ti bẹ̀rẹ̀, Heathrow ló parí sí. Kí ẹ tó dé Ìkẹjà ńkọ́?

Ẹni tó ń lọ òkè òkun, ó yẹ kó ti wà ní pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́ta kí bàálù tó gbéra. Aago mẹ́jọ àárọ̀ nìyẹn fún yín. Tó bá ti ku bí wákàtí kan, wọ́n ti palẹ̀ kántà tí wọ́n ti ń gba ẹrù mọ́. Nísinsìnyí, ẹ wo ojú ọ̀nà. Ẹ gba Challenge jáde sí Toll Gate, ẹ kọjá Ogere, ẹ kọjá Ṣágámù, ẹ dé Mowé àti Ibafo. Títí débẹ̀, tí ọ̀nà bá dára, ẹ lè máa sùn nínú ọkọ̀. Láti ibẹ̀ dé Kara níbi ọjà màlúù, kí ẹ tó já sí Berger, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Mo mọ àwọn tó ti lo wákàtí méjì níbẹ̀ torí táńkà kan ṣoṣo tó dojú dé. Mo mọ àwọn tó kúrò nílé ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí wọ́n gbàgbé pé ìpàdé àdúrà ńlá wà lójú ọ̀nà náà. Ìyá àgbà kan tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi pè mí láti Ìkẹjà lọ́jọ́ kan. Ó ń gbọ́ tí wọ́n ń ké nọ́ńbà bàálù rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọn ò sì gba ẹrù rẹ̀ mọ́. Ohùn ẹkún rẹ̀ lórí fóònù ni mo máa ń gbọ́ létí nígbàkígbà tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé wákàtí méjì péré ni Ìbàdàn sí Èkó.

Nítorí náà, màmá, ẹ má ṣe kúrò ní Mọ́lété láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò. Ẹ lọ sùn sí Èkó. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Ògbà tàbí Ọjọ́dù, àsìkò ti tó láti kí wọn. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù ọ̀nà, ẹ wọ rélùwéè ní Mọ́níyà ní ọjọ́ tó ṣáájú. Gbogbo ojú irin náà láti Mọ́níyà dé Ẹ̀búté Mẹ́tta jẹ́ kìlómítà 157, á sì gbà tó wákàtí méjì àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ẹ má bá a dé òpin. Agége ni kí ẹ ti sọ̀, ibẹ̀ ló sún mọ́ Ìkẹjà.

Bí ẹ bá ta kú pé láti ilé ni ẹ ti fẹ́ lọ tààrà, ẹ jẹ́ ká kà á pọ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ni ẹ máa kúrò nílé. Ẹ máa balẹ̀ ní márùn-ún àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ aago wa. Títò níwájú àwọn oníwèé ìrìnnà, dídúró de àpótí, àti wíwọ mọ́tò dé ilé ọmọ yín á tó wákàtí mẹ́ta. Wákàtí mẹ́rìndínlógún àbọ̀ nìyẹn láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì. Iye yẹn gan-an ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún: oògùn tí ẹ ń lò, oúnjẹ, bàtà tó gba ẹsẹ̀ bó bá wú díẹ̀.

Àbọ̀ náà nìyí: aago mẹ́fà ni ẹ máa balẹ̀, ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú. Tí ẹrù bá fi máa jáde, ó ti di aago méje àbọ̀ tàbí mẹ́jọ. Kí ẹnikẹ́ni má fi òru gbé yín gba ọ̀nà màrosẹ̀ wá sí Ìbàdàn. Ẹ sùn, kí ilẹ̀ mọ́. Ibi tí ẹ fi oṣù bíi mélòó kan fi sílẹ̀, kò ní í sá lọ lóru ọjọ́ kan.

Ìbéèrè: Àǹtí mi, aṣọ ni mo ń tà ní Gbági. Mo ní ìpàdé ní Àbújá. Wọ́n ní láti pápákọ̀ Aláàkíà n'Ìbàdàn dé Àbújá, nǹkan bíi kìlómítà 400 ni lójú òfurufú, bàálù sì ń sá 800 ní wákàtí kan. Ìdajì wákàtí ló yẹ kó jẹ́ nígbà náà. Kí ló dé tí wọ́n kọ wákàtí kan àti jù bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n ń fi kún un ni? — Alájàpá, Gbági.

Ìdáhùn: Ìṣírò yín dára, oníṣòwò ni yín lóòótọ́. Kìlómítà 400 àti díẹ̀ ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé wákàtí orí tíkẹ́ẹ̀tì kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀. Bí ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ wo àwọn ọmọkùnrin tó wọ aṣọ òyìnbó aláwọ̀ ọsàn lábẹ́ bàálù. Wọ́n fi ìdígàgá dí táyà rẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá yọ ìdígàgá yẹn ni wákàtí bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá tún fi òmíràn dí i ní Àbújá ló parí. Gbogbo yíyí lórí ilẹ̀, dídúró de àṣẹ, ó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, bàálù kì í sá 800 láti ẹnu ọ̀nà. Ó ní láti kọ́kọ́ gùnkè. Bó bá sì fò dé ibi gíga tí bàálù ńlá ń fò dé, tó jẹ́ bíi kìlómítà mẹ́wàá sókè, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ nígbà tó bá ku nǹkan bíi kìlómítà 190 kó dé. Ẹ wò ó: nínú 400, ó ti fi 190 sọ̀ kalẹ̀, ó sì ti fi èyí tó pọ̀ nínú ìyókù gùnkè. Ibo ló kù tó máa fi sá eré? Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi lọ sókè tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀nà kúkúrú. Bó bá sì jẹ́ bàálù alábẹ̀bẹ̀ bíi ATR ni wọ́n fi gbé yín, bíi 500 ni òun ń sá.

Fún ìpàdé yín, ẹ ka wákàtí mẹ́rin àbọ̀ láti Gbági dé àárín Àbújá, torí pápákọ̀ Àbújá jìnnà sí ìlú. Mọ́tò yóò fi odidi ọjọ́ gbé yín dé, tórí ọ̀nà ilẹ̀ lé ní kìlómítà 600, nítorí náà owó bàálù ò ṣòfò. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bàálù bóyá wọ́n ń fò láti Aláàkíà lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́, torí kì í ṣe bí Ìkẹjà tí wọ́n ń gbéra láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, ẹ má fi ìpàdé sí ọjọ́ kan náà tí ẹ máa fò. Tí ọyẹ́ bá bo ojú, páílọ́ọ̀tì ò ní í gbéra, ó sì jàre.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò lè wọ bàálù láti Aláàkíà lọ sí Ìkẹjà kí n sá fún gosílóò, kí n sì bọ́ sínú bàálù òkè òkun níbẹ̀? — Ọmọ Bódìjà.

Ìdáhùn: Kìlómítà 113 péré ló wà láàárín pápákọ̀ méjèèjì. Kódà bí ẹ bá rí bàálù tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́, ibi tí bàálù abẹ́lé ti ń balẹ̀ ní Ìkẹjà kọ́ ni ti òkè òkun ti ń gbéra. Ẹ tún ní láti wá mọ́tò tó máa kó ẹ̀yin àti ẹrù yín láti ọ̀kan sí èkejì. Mi ò lè gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ Àǹtí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní Yunifásítì Ìbàdàn, mo ti rí físà Kánádà. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n fi síwájú mi, ọ̀kan gba Addis Ababa, ọ̀kan gba Lọ́ńdọ̀nù. Íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé Èkó sí Toronto jẹ́ kìlómítà 8,900, ìyẹn bíi wákàtí mọ́kànlá. Àmọ́ àwọn tíkẹ́ẹ̀tì yìí lé ní ogún wákàtí. Èwo ni kí n mú? — Ọmọ Agbówó.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú oríire. 8,900 tó o rí, òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀nà tí tíkẹ́ẹ̀tì méjèèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ ò gbà ni. Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ 5,000, Lọ́ńdọ̀nù dé Toronto jẹ́ 5,700. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,700. Èkó dé Addis Ababa jẹ́ 3,900, ìlà-oòrùn ló sì wà, ìyẹn ni pé o ti kọ ẹ̀yìn sí Kánádà. Láti Addis Ababa dé Toronto wá jẹ́ 11,500. Àpapọ̀ jẹ́ 15,400. Wákàtí mẹ́tàdínlógún ni ìyẹn nínú sánmà nìkan, tí bàálù bá ń sá 900.

Má wá torí bẹ́ẹ̀ ju ti Addis Ababa nù. Béèrè wákàtí tó o máa fi dúró níbi tó o ti máa pààrọ̀ bàálù. Bí ti Lọ́ńdọ̀nù bá ní kó o dúró fún wákàtí mẹ́wàá, tí ti Addis Ababa sì jẹ́ méjì, ẹni tó gba ọ̀nà jíjìn lè ṣáájú rẹ dé. Má sì gba ìdúró tó kéré ju wákàtí méjì lọ níbi kankan, iye owó yòówù kó dín. Bàálù àkọ́kọ́ lè pẹ́, àpótí rẹ á sì ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Rí i dájú pé orí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni ìrìnàjò méjèèjì wà, kó jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló máa wá òmíràn fún ọ bí o bá pàdánù èkejì. Fún ti Lọ́ńdọ̀nù, béèrè òfin físà àwọn tó ń kọjá lọ́wọ́ iléeṣẹ́ bàálù kó o tó sanwó.

Ọ̀rọ̀ ìjì tí mo ṣèlérí fún Màmá Mọ́lété lókè nìyí. Lókè níbi tí bàálù ńlá ń fò, odò afẹ́fẹ́ kan wà tó ń sáré láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ó sì lágbára nígbà òtútù. Ìwọ̀-oòrùn ni Kánádà wà, nítorí náà o máa fi orí kọ ọ́ ní àlọ. Ká ní ó ń fẹ́ ní 100 ní wákàtí kan. Bàálù tó ń sá 900 á di ẹni tó ń sá 800, kìlómítà 8,000 á gbà á ní wákàtí mẹ́wàá. Ní àbọ̀, ìjì kan náà á tì í láti ẹ̀yìn, á di 1,000, wákàtí mẹ́jọ ló máa lò. Wákàtí méjì gidi ló sọnù yẹn, kì í ṣe ti aago. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lọ Atlanta láti Èkó tààrà, tó jẹ́ kìlómítà 9,400, fi máa ń pẹ́ nínú sánmà lálọ ju àbọ̀ lọ.

Lórí aago, Toronto fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa nígbà òtútù, márùn-ún nígbà ooru. Wọ́n ń sún aago tiwọn náà, àmọ́ kì í ṣe ọjọ́ kan náà pẹ̀lú Ìlú Ọba: Sunday kejì oṣù Kẹta àti Sunday àkọ́kọ́ oṣù Kọkànlá ni tiwọn. Bó o bá ń rìn láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, tún aago orí tíkẹ́ẹ̀tì kà dáadáa. Tó o bá dé, pe àwọn òbí rẹ lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru níbí. Wọn ò ní í tíì sùn.

Ìbéèrè: Àǹtí, a ń múra Háájì, Ìlọrin ni wọ́n ti máa gbé wa. Wọ́n ní aago mẹ́wàá alẹ́ la máa gbéra, aago márùn-ún ìdájí la máa dé Jeddah. Ṣé wákàtí méje ni? Ìgbà wo ni ká múra haráàmí? — Alhaja, Òkè-Àrẹ̀.

Ìdáhùn: Alhaja, wákàtí márùn-ún ni. Nǹkan bíi kìlómítà 4,000 ló wà láàárín Ìlọrin àti Jeddah. Sàúdí fi wákàtí méjì ṣíwájú wa ní gbogbo ọdún, wọn kì í sún aago. Oru yín á kúrú gan-an: aago mẹ́ta òru Nàìjíríà ni wọ́n máa sọ fún yín pé ilẹ̀ ti ń mọ́. Ẹ sùn lọ́sàn-án ọjọ́ tí ẹ máa lọ.

Bó bá jẹ́ Jeddah lẹ máa balẹ̀ sí, tí ẹ sì ń lọ sí Mẹ́kà tààrà, bàálù máa kọjá mìkáàtì, ìyẹn ààlà tí alálàájì gbọ́dọ̀ ti wà nínú haráàmí kó tó kọjá, kó tó balẹ̀. Ẹ wẹ̀, kí ẹ sì múra haráàmí láti ilé tàbí ní Ìlọrin, torí ilé ìyàgbẹ́ inú bàálù kéré, èrò sì pọ̀. Ó máa ń ku bíi wákàtí kan kí ẹ balẹ̀ kí wọ́n tó ṣèkéde. Ẹ sọ fún ẹni tó bá jókòó ti yín pé kó jí yín bí oorun bá gbé yín lọ, kí ẹ lè dá níyàh yín, ìyẹn ìpinnu ọkàn, lásìkò.